Òkúta Tó Wà Lọ́wọ́ Ọlábánjí

Òkúta náà kọ̀, kò ṣí. Ọlábánjí fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ìdí tábìlì, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ síta. Síbẹ̀, òkúta tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ lẹ̀ mọ́ ojú Òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tó ń wọn iṣẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

"Fi í sílẹ̀," ni Ìbírónkẹ́ wí. "Wàá fi dá ara rẹ lẹ́yìn."

"Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe le tó ni, mà."

"Gbogbo wa ti rí bó ṣe le tó."

Òkúta gan-an kọ́ ló wúwo. Ìbírónkẹ́ ti tú ìdí Òṣùwọ̀n wò rí, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe alámòójútó àwọn iṣẹ́ àkànṣe yunifásítì, nítorí pé kì í lè sùn dáadáa bí ẹ̀rọ kan bá wà nítòsí rẹ̀ tí kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin òòfà ńlá kan ló wà lábẹ́ tábìlì náà, wọ́n fi wáyà bàbà wé e lára. Bí iṣẹ́ kan bá ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń gba inú wáyà náà kọjá ṣe ń pọ̀ tó, tí irin á sì máa fa òkúta tí wọ́n fi dúró fún iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Òkúta tí wọ́n bá dá padà lásìkò, ìka kan péré lèèyàn fi ń tì í kúrò. Èyí tó bá pẹ́, ojú gbogbo èèyàn lẹni tó ni ín á ti máa làágùn lórí rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ Ìbírónkẹ́ nínú nígbà náà. Ó ní ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí mọ èèyàn, ó mọ̀ pé ìtìjú á ṣe ohun tí ìwé ìkìlọ̀ ò lè ṣe.

Lónìí, kò dùn mọ́ ọn nínú.

"Ẹnubodè àyẹ̀wò kẹta, iṣẹ́ àkànṣe Kíláàsì Ojú Omi," ni Òṣùwọ̀n wí. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ọwọ́ tó wúwo jù: Ọlábánjí. Alámòójútó, fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ jẹ́rìí. Bí oòrùn bá wọ̀ láìsí ẹ̀rí, ẹnubodè á tì, àgbàlá ọkọ̀ á sì di ti iṣẹ́ mìíràn."

"Ó tún ti ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ẹ̀," ni Dókítà Múíbátù wí. Òun ló ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, eruku pákó sì wà lára gèlè rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. "'Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ.' Ó bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyẹn sì dáhùn pé 'bẹ́ẹ̀ ni, sà'. Ẹ̀rọ tí wọn ò kọ́ nílé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wo ọkọ̀ ojú omi náà nísàlẹ̀ ní àgbàlá: ó gùn, inú rẹ̀ fẹ̀, àga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nínú rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ẹ̀mú irin méjì sì ṣì dì í mú lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀sà ti gba gbogbo ìlú ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ò rí ọ̀nà gun òkè wá sí yunifásítì mọ́, yunifásítì ló kù tó máa lọ bá wọn. Bí ẹnubodè yìí bá tì, ọkọ̀ á tún jókòó síbẹ̀ títí òjò á fi dé, ọ̀sà tó bá sì ti ru kì í gba ọkọ̀ tuntun.

Bó bá ṣí náà, Ọlábánjí á sọ̀kalẹ̀. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ẹni tí Òṣùwọ̀n bá pè ní ọwọ́ wúwo ní ẹnubodè, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn olùkọ́, á kó kúrò nínú ilé yunifásítì, á sì sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè.

Ìbírónkẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wo àmì tó wà lójú òkúta náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Ọlábánjí, kí ni iṣẹ́ tí èmi àti ìwọ jọ sọ pé kó o ṣe nínú ọkọ̀ yìí?"

"Ètò ẹ̀kọ́ ni, mà. Ohun tí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ."

"O parí ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Òkúta ìṣirò nìyí. Bí ọkọ̀ ṣe máa dúró lójú omi láì dojú dé. Kí ló gbé e dé ọwọ́ rẹ?"

Ọlábánjí ń wo ilẹ̀. Lára ògiri ìta, àwọn ẹ̀rọ agbálẹ̀ kéékèèké ń rìn bí akàn, wọ́n ń nu eruku kúrò lára páànù tó ń gba oòrùn, wọ́n ń ha gbàrà-gbàrà.

"Mo gbà á ni, mà."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ ta tún ni?" Múíbátù ló dá a lóhùn. "Ẹni mélòó ló ń ṣe ìṣirò ọkọ̀ lórí òkè yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu Ọlábánjí díẹ̀díẹ̀. "Mo pàdé Bàbá Àṣàolú lórí àtẹ̀gùn ni. Wọ́n kó ìwé mọ́ abẹ́ apá, wọ́n tún mú òkúta yìí dání, wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni? Mo ní, 'Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un, sà.' Wọ́n fún mi. Bó ṣe kan àtẹ́lẹwọ́ mi báyìí ló yí àwọ̀."

Ìbírónkẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀. Òkúta iṣẹ́ máa ń ka ìlà àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó bá dì í mú. Bó bá ti gba ìlà tuntun, iṣẹ́ ti di ti onílà tuntun nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìdádúró tó wà lára rẹ̀. Àwọn tó ṣe é níbi tí wọ́n ti ṣe é gbà pé kò sẹ́ni tó máa gba òkúta ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà.

"Nígbà tẹ́ ẹ dókè, kí ló dé tó ò dá a padà fún wọn?"

"Wọ́n ní kí n ṣì bá àwọn mú un dání ná, àwọn ń bọ̀ wá gbà á. Wọn ò wá."

"O sì dákẹ́."

"Kí ni kí n sọ, mà? Kí n lọ kan ilẹ̀kùn ilé wọn, kí n ní, 'Bàbá, ẹ wá gba ẹrù yín'?"

Múíbátù ń fi èékánná họ eruku pákó kúrò lára apá aṣọ rẹ̀. "Èmi náà ti gba tiwọn rí," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ mi yá, mo máa ń tètè bá wọn parí ẹ̀."

Ìbírónkẹ́ fa àga, ó jókòó. Láti ìgbà tí òfin òkúta ti dé, òkúta Ọ̀jọ̀gbọ́n Àṣàolú kò pẹ́ lórí Òṣùwọ̀n rí. Yunifásítì tilẹ̀ fi orúkọ wọn kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn, pé kí àwọn ọ̀dọ́ máa wò wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka wọn ló ń sọ̀kalẹ̀ jù lórí òkè. Wọ́n ti jókòó ṣe ìpàdé lórí ìyẹn rí. Wọ́n fi ẹnu kò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fara balẹ̀. Òun náà wà ní ìpàdé yẹn, òun náà sì mi orí.

"Òfin gbà mí láyè láti tún orúkọ kan ṣe," ló sọ. "Bí ẹni tí òkúta tọ́ sí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á padà níwájú Òṣùwọ̀n."

Ọlábánjí dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Mo ṣì kéré, mo lè bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Níbo ni Bàbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Ìyàwó rẹ tó lóyún ńkọ́?"

"Ó máa yé e."

"O ti sọ fún un?"

Ọlábánjí tún fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Kò tíì yé e nìyẹn," ni Múíbátù wí. "Dìde, ò ń fi ṣòkòtò nu ilẹ̀ fún wa."

Ìbírónkẹ́ wo oòrùn. Ó ṣì ga díẹ̀. Ó dìde, ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹun, ó sì gba ọ̀nà ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n Àṣàolú lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí lójú ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe ìwé kíkà ló gbé e dé orí òkè yìí, ẹ̀rọ omi ni. Ó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe lẹ́yìn kíláàsì Bàbá, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ó ti ojú fèrèsé dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì ò lè dáhùn. Ohun tí Bàbá sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Wọlé." Ó wọlé, tòun ti ọwọ́ tó kún fún gíríìsì, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó bá wọn níbi tí wọ́n lóṣòó sí níwájú abọ́ omi ńlá kan. Abọ́ pẹrẹsẹ kan ń léfòó nínú rẹ̀, wọ́n to èkùrọ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́.

"Àsìkò lo dé," ni Bàbá wí, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ dúró dáadáa, àbí?"

"Ó dúró, sà."

"Ìṣirò wa náà sọ pé ó dúró. Ṣùgbọ́n kíláàsì parí." Wọ́n fi ìka kó gbogbo èkùrọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Abọ́ náà tẹ̀, ó gba omi, gbogbo èkùrọ́ dà sínú abọ́ ńlá. "Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo la ṣe. Bí agogo bá lù, ta ló máa jókòó? Gbogbo wọn á dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ọkọ̀ la ṣírò, Ìbírónkẹ́, àga la ṣírò. A gbàgbé pé ọmọ ń dìde. Kí Múíbátù gé ilẹ̀kùn kejì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó sì yí àga padà kí wọ́n kọjú síra wọn. Ó máa ráhùn. Jẹ́ kó ráhùn."

Ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣa èkùrọ́ nínú omi. Ó kúnlẹ̀.

Bàbá dáwọ́ dúró. "Ọ̀rọ̀ náà burú nìyẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òkúta ìṣirò yìí, sà. Ibo ló wà?"

"Ọlábánjí ló bá mi mú un. Ọmọ dáadáa ni."

"Ẹ ò gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀, sà. Òṣùwọ̀n ti pe orúkọ ẹ̀."

Ìbírónkẹ́ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí Bàbá lọ́kàn, ó sì fẹ́ kó má wọlé tán, ṣùgbọ́n ó wọlé tán.

"Àwọn tó ti sọ̀kalẹ̀ ńkọ́?" ni wọ́n béèrè. "Fadérera?"

"Mi ò mọ gbogbo wọn, sà. Fadérera wà lára wọn."

"Ìbírónkẹ́, mo pe ọmọ yẹn síbí kó tó sọ̀kalẹ̀. Mo fi í jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn. Mo ní kó má máa ṣe ìmẹ́lẹ́ níbi tó bá tún bá ara ẹ̀. Ó ní, 'Ẹ ṣé, sà.'" Wọ́n tọ́ka sí àga náà. "Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. 'Ẹ ṣé, sà.'"

"Ta ló máa sọ ọ́ fún yín, sà?"

"Èmi ni mo dìde nínú ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ra Òṣùwọ̀n wá. O ò tíì dé nígbà yẹn. Ilé tí wọn ò parí ló kún orí òkè yìí, koríko ń hù nínú yàrá. Bó o bá béèrè pé níbo lọ̀rọ̀ dé, wọ́n á ní ó wà lórí tábìlì. Tábìlì ta? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo ní ká wá ohun tó máa jẹ́ kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ èèyàn, tí ò ní lè jù ú sílẹ̀." Wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mi ò ronú kan àtẹ̀gùn."

"Ọlábánjí ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ó ní òun á sọ̀kalẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

Omi ojú ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. "Mo wá síbí, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n na ọwọ́ sí i kó fa àwọn dìde. "Mú mi lọ kí oòrùn tó wọ̀. Rọra o, orúnkún yìí ò sí lára ìgbìmọ̀ mọ́."

Nígbà tí wọ́n wọlé, gbogbo èèyàn dìde. Bàbá sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kejì fún Múíbátù kí wọ́n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

"Ilẹ̀kùn kejì, sà? Lára ọkọ̀ tí mo ti kùn lọ́dà?"

"Mo mọ̀ pé wàá ráhùn."

"Mi ò ráhùn, sà. Mò ń kígbe nínú ni." Ṣùgbọ́n ó ti mú ẹfun jáde lápò, ó ń yàwòrán ẹnu ọ̀nà sórí ilẹ̀.

Ìbírónkẹ́ dojú kọ Òṣùwọ̀n. "Alámòójútó ń tún orúkọ ṣe."

"Jẹ́ kí òkúta padà sọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí," ni ẹ̀rọ náà dáhùn. Iná inú wáyà kú, gbogbo wọn sì gbọ́ bí irin ṣe tú òkúta náà sílẹ̀, ó dún kọ́. Ọlábánjí gbé e. Ó ti fúyẹ́ báyìí, ọmọdé lè gbé e. Ó dúró níwájú Bàbá, kò sì lè na ọwọ́.

"Gbé e wá," ni Bàbá wí.

"Mi ò lè ṣe é, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹrù ni, sà. Mi ò lè gbé ẹrù lé àgbà lọ́wọ́."

Ìbírónkẹ́ mọ̀ pé kò sí àṣẹ kankan tí alámòójútó lè pa tó máa ṣí ọwọ́ yẹn. Bàbá ló ronú kàn án. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì tẹ orí ba díẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ.

"Jọ̀wọ́," ni wọ́n wí. "Èmi ni mò ń tọrọ rẹ̀."

Ọlábánjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta náà sókè, ojú rẹ̀ wà ní ilẹ̀. Bàbá gbà á. Òkúta náà yí àwọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, iná padà wọ inú wáyà, irin sì fà á mọ́lẹ̀ gbì.

"Ọwọ́ tó wúwo jù: Àṣàolú. Sọ̀kalẹ̀. Alámòójútó, fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ jẹ́rìí."

Ọwọ́ Ìbírónkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ gòkè. Bàbá kò wò ó. Àwòrán ilẹ̀kùn tí Múíbátù ń yà ni wọ́n ń wò.

"Má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá wa," ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. "Òjò ń bọ̀."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e. Ojú Òṣùwọ̀n tutù. Nísàlẹ̀ ní àgbàlá, ẹ̀mú irin méjì tó di ọkọ̀ mú ṣí sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ jókòó, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Níbo lẹ máa lọ, sà?" ni Ìbírónkẹ́ béèrè.

"Ilé ọmọbìnrin mi, ní Agúnfọn. Ilé orí òpó ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń pè mí. Ó ní mo fẹ́ràn òkè ju òun lọ."

Ìbírónkẹ́ lọ sídìí àwòrán ọ̀sà tó wà lára ògiri. Òfin fún Òṣùwọ̀n láṣẹ láti pe orúkọ àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ á ti máa dúró, alámòójútó ló ń yàn án. Kò tíì yan ibi àkọ́kọ́. Ó fi ìka wá Agúnfọn, ó rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré kan tàn níbẹ̀.

Múíbátù gbójú sókè láti ilẹ̀. "Agúnfọn? Ibi tí omi ti jìn tó yẹn? Ta la fẹ́ bá níbẹ̀?"

"Àwọn ọmọ wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀."

"Òfin sọ ẹni tí ò gbọdọ̀ kọ́ni," ni Ìbírónkẹ́ wí. "Kò sọ ẹni tí ò gbọdọ̀ jókòó sí kíláàsì. Ọlábánjí, nínú ètò ẹ̀kọ́ tìrẹ, fi àyè sílẹ̀ dáadáa fún ìbéèrè. Bàbá kan máa wà ní Agúnfọn tí ìbéèrè ẹ̀ máa pọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àṣàolú fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìbírónkẹ́ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni wọ́n ń rín tàbí ẹkún ni wọ́n ń sun, kò sì wò wọ́n kó lè mọ̀.